Ìwọ̀n Kì í Purọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Títo Páìpù Atutù

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ìdó-Èkìtì)

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá dá lórí ohun kékeré kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, nínú àwọn fóònù kan, àti nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó máa ń gbóná. Páìpù atutù ni a ó máa pè é, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ bí àwo. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ará Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé nínú èyí. Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn ọmọ wa ló ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, láti ìlú wa níhìn-ín títí dé Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Bí ẹ̀rọ bá jóná, àwọn ni a ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá gbé ìkòkò kaná tí a sì dé e, oru omi yóò gòkè, yóò kan ọmọrí tó tutù, yóò di omi, yóò sì kán padà. Iṣẹ́ páìpù náà nìyẹn. Páìpù bàbà ni, a dí i lórí dí i nídìí. Omi inú ti kọ̀ǹpútà kò kún ṣíbí tíì. A ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi náà lè tètè máa hó. Omi á hó níbi tó gbóná, oru á sáré lọ síbi tí fáànù ń fẹ́ sí, á di omi, á sì tún padà. Ìyẹ̀fun bàbà tí a fi iná dì mọ́ inú páìpù ló ń fà á padà, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Àwo pẹlẹbẹ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n bàbà pẹlẹbẹ méjì ni a dé léra.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Richard Gaugler, òṣìṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1944. George Grover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Alamos tún un ṣe lọ́dún 1963.

Níbo wá ni àṣìṣe ti ń wọlé? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọ̀rá tàbí ìdọ̀tí bá kù nínú páìpù, ó lè di afẹ́fẹ́ tí kì í di omi, yóò sì jókòó sí ìpẹ̀kun tó tutù, kò ní jẹ́ kí oru dé ibẹ̀. Bí omi bá kéré, òwú inú yóò gbẹ níbi tó gbóná. Bí omi bá pọ̀ jù, yóò dí ọ̀nà oru. Bí ọ̀pá irin tí a kì bọ àárín nígbà tí a ń da ìyẹ̀fun bàbà sílẹ̀ bá ṣẹ́rí sápá kan, òwú yóò nípọn níbìkan, yóò fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Bí a bá sì tẹ páìpù ní kọ́nà tó há jù, òwú inú yóò là. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ohun roboto tí a ó tẹ̀ ẹ́ yí ká, láti àárín rẹ̀ dé etí, má dín sí ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ páìpù. Páìpù mìlímítà 6 fẹ́ mìlímítà 18.

Ojú lásán kò lè rí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí iṣẹ́ má dúró lórí ojú àti agbára ọwọ́ nìkan. Bí ẹni tó ń gé búlọ́ọ̀kù ṣe ń lo mọ́ọ̀dù, kí àwo méjèèjì wà nínú mọ́ọ̀dù tó ní píìnì, kí wọ́n má baà yẹ̀ kí a tó jó wọn pọ̀. Kí a wọn páìpù lórí òṣùwọ̀n kí a tó bu omi sí i, kí a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Kí a ti ìdí kan bọ omi gbígbóná, kí a sì wo bí ooru ṣe tètè dé ìdí kejì. Èyí tó bá pẹ́, kí a yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì mọ ti ìyókù. Bí a bá ń de orí ẹ́ńjìnì, láti àárín lọ síta ni a ti ń de bóòtù, a sì ń fi sípánà tó ń sọ ìwọ̀n parí rẹ̀. Ẹni tó bá de apá kan pa kó tó kan ìkejì, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni súkúrù páìpù atutù: ní ìdàkejì síra wọn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú péèsìtì fẹ́lẹ́ láàárín. Bàbà ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 10,000. Nítorí náà, àlàfo tó tinrin bí irun lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹgbẹ́ nìyí. A ti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, níbi tí ẹ̀rọ amúǹkantutù ti ń padà wá lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n ní àìbìkítà òṣìṣẹ́ ni, wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́ nínú owó oṣù. A béèrè pé kí a yẹ irinṣẹ́ ìwọ̀n wò. Irinṣẹ́ náà ló ń purọ́. Ohun tó gba àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ ni ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí lójoojúmọ́.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti kàn yọ owó òfò nínú owó iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí kò náání iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Òfin Fáktírì ti ọdún 1987 sì fi pípèsè ìmọ́lẹ̀ tó tó, tó sì yẹ, lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á béèrè mọ́ọ̀dù tó dára, irinṣẹ́ ìwọ̀n tí a ń yẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ìmọ́lẹ̀, àti àsìkò tó tó. Kí àwa náà sì fọwọ́ wa mọ́, kí a kọ nọ́ńbà sára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí Ìrè wà ni a ti wá. Iṣẹ́ irin kò ṣàjèjì sí wa. Iṣẹ́ tó péye ni oúnjẹ wa, ìwé ìwọ̀n sì ni ẹlẹ́rìí wa.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.