Láti ọjà Treichville dé Addis Ababa: Kí ni ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ń ṣe níbi gíga?

Ẹni tó bá wọ Grand Marché, ọjà ńlá Treichville nílùú Abidjan, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ èdè Yorùbá. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Lónìí, àwọn oníṣòwò Abidjan ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ra ọjà ní Dubai tàbí Guangzhou, àwọn kan sì ń gba Addis Ababa kọjá.

Inú ọ̀sà Ébrié ni erékùṣù tí Treichville wà, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ṣùgbọ́n Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, fi ohun tó lé ní mítà 2,300 ga ju òkun lọ. Ọkọ̀ òfurufú gan-an kò yàtọ̀ sí òkè. Bó bá ń fò lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fúyẹ́ bíi ti òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400.

Àwọn alábàárù inú ara

Ìdá ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà lórí òkè. Nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni, bíi ti etí òkun. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fúyẹ́. Bí èèyàn bá mí sínú lẹ́ẹ̀kan ní Addis Ababa, ọ́síjìn tó wọlé kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ì bá rí ní Treichville.

Ẹ wo àwọn alábàárù ọjà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni alábàárù, ọ́síjìn ni ẹrù, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ti ń gbé e, ọkàn sì ni ọ̀gá tó ń lé wọn síwájú. Lórí òkè, ẹrù kì í kún agbọ̀n dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àti ẹran ara tó ń dúró de ẹrù kò dín ohun tí wọ́n fẹ́ kù.

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó ní kí wọ́n yára. Ìdí nìyí tí àyà fi ń lù kì-kì-kì, tí èèyàn sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gbé báàgì kékeré gun àtẹ̀gùn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ara á tún fi ìtọ̀ gbé díẹ̀ lára omi inú ẹ̀jẹ̀ jáde, kí sẹ́ẹ̀lì pupa lè pọ̀ sí i nínú èyí tó kù.

Láàárín wákàtí díẹ̀, kíndìnrín náà á ti mọ̀ pé ọ́síjìn dín kù. Á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó gba alábàárù kún un. Àwọn tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí iye wọn tó pé.

Èyí ni pé ẹni tó sùn ní Addis Ababa ní alẹ́ kan péré kò tíì rí alábàárù tuntun gbà. Èémí àti ọkàn rẹ̀ ló ń sáré fún un. Ara tó le lè fara da ìyẹn. Ọkàn tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lè má lè ṣe é.

Bó bá pọ̀ jù ńkọ́?

Alábàárù tó pọ̀ jù máa ń dí ọ̀nà. Lọ́dún 1925, dókítà Carlos Monge Medrano ní Peru ṣàlàyé àìsàn àwọn tó ń gbé lórí òkè Andes, tí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ wọn ki. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí Cynthia Beall àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2002, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ethiopia kan tó ń gbé ní nǹkan bí mítà 3,500 kò ki ju ti ẹni tó ń gbé létí òkun lọ. Ará òkè àti àlejò kò rí bákan náà.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra?

Àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa lè tẹ̀ bíi dòjé, kó le, kó sì dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìrora ńlá ló máa ń tẹ̀lé e. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó mọ̀ bóyá yóò nílò ọ́síjìn nínú ọkọ̀. Kó máa mu omi, kó sì wọ aṣọ tó móoru.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ wọn ń wọ ọkọ̀ òfurufú láìsí wàhálà. Àmọ́ bí ìrora bá ṣàdédé mú wọn lábẹ́ ìhà òsì lórí òkè, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe oògùn ara ríro.

Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ní ti ẹni tí ara rẹ̀ le, kó rọra rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbé ẹrù.

Àyẹ̀wò jẹnótáìpù kò le. Oníṣòwò tó mọ iye owó gbogbo áńkárá tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ yẹ kó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.