Bí Ọmọ Tó Ti Dàgbà Bá Sọ Oògùn Olóró Di Bárakú

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò. Òun ló yọ̀ǹda kí a tẹ̀ ẹ́. A kò dárúkọ rẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún mẹ́rin ni mo fi pa á mọ́ sínú nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjì tó ṣe onídùúró fún mi jókòó síhìn-ín. Owó wọn ni wọ́n fi san gbèsè mi. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi.

Èlùbọ́ ni mo ń tà, gbogbo yín lẹ mọ̀. Nígbà tí mo gba ẹ̀yáwó, mo ní mo fẹ́ fi ra ọjà ní Ṣakí. N kò dé Ṣakí. Àwọn tí ọmọ mi jẹ ní gbèsè ni mo kó owó náà fún.

Ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó sì ti gba òmìnira. Tramadol ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé bó bá ń lò ó, kò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ń rẹ òun. Nígbà tó yá, bí kò bá lò ó, kò lè dìde nílẹ̀. Ó fi ìgbó kún un, ó fi ọtí líle kún un. Ó ta irinṣẹ́ rẹ̀, ó ta jẹnẹrétọ̀ mi, ó ta sìlíńdà gáàsì. Bó bá sunkún pé wọn yóò pa òun bí òun kò bá san gbèsè, màá sáré wá owó. Mo rò pé ìfẹ́ ìyá nìyẹn. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí olówó mìíràn á tún fi dé.

Àwọn tó ń tà á fún un ti mọ̀ pé ìyá rẹ̀ yóò san. Èmi ni mo ṣe onídùúró fún oògùn náà láìmọ̀. Nígbà tí n kò rí ẹ̀yáwó dá padà, wọ́n yọ ọ́ nínú owó ìfipamọ́ àwọn ìyá méjì wọ̀nyí. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ọ̀kan nínú wọn ń tọ́jú. Ọmọ tirẹ̀ kò mu nǹkan kan.

Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo kọ́ ọmọ mi. Dókítà ló jẹ́ kó yé mi pé bárakú yìí ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ àìsàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù 14 ènìyàn tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ṣé gbogbo òbí wọn ni kò kọ́ wọn ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kọ́.

Èkíní, mo ń fún un ní oúnjẹ, n kì í fún un lówó mọ́. Bó bá jẹ́ owó ilé ìwòsàn, èmi fúnra mi ni mo ń lọ san án. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀ fún un, ó fọ́ fèrèsé mi, ó sì sun ìta. Èmi náà kò sùn. Ṣùgbọ́n n kò san.

Èkejì, ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́lé. Ẹni tí ọtí líle ti mọ́ lára, bí a bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti yẹ kó jáwọ́. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tó ti wà láti 1954, àti ti Yábàá ní Èkó ń tọ́jú irú àìsàn yìí. A kò lè gbé àgbàlagbà pọ̀n lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí ti lọ béèrè ọ̀nà àti iye owó sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ bá ní ó ti sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò lọ.

Ẹ̀kẹta, ó lè padà sídìí rẹ̀. Ọmọ mi padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn léwu jù, nítorí ìwọ̀n tí ara gbà tẹ́lẹ̀ lè pa á lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀. Bó bá sùn tí a jí i tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń fà, ẹ má ṣe ní kó sùn tán. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ gbé mi lọ, àwọn ọmọ mi yòókù sì ń wò mí lójú.

Mo wá bẹ ìgbìmọ̀ wa. Bí irú èyí bá dé bá ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kó lè sọ ọ́ fún akọ̀wé láìsí ẹ̀sín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ìtọ́jú, kí ẹgbẹ́ san án tààrà fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin onídùúró náà, ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, kí ẹ sì béèrè ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ mi ni, bóyá mi ò bá ti sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn báyìí, ó di oṣù keje. N kò búra pé ó ti tán. Mo ti dá owó onídùúró mi kan padà. Ó ku ti èkejì, mo sì ń san án lóṣooṣù. Ìyá, ẹ foríjì mí.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa sàn. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.