Ṣé Ó Yẹ Kí Ìjọba Máa Rọ Owó Sínú Ọkọ̀ Òfurufú Tí Kò Mérè Wá?

   

A mọ̀ pé bí ẹ ti gbọ́ àkọlé ọ̀rọ̀ wa, àwọn kan á ti máa sọ lọ́kàn wọn pé, "Kí ló kan aláta àti onígàrí nínú ọ̀rọ̀ bàálù?" Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò wọ bàálù rí, àfi àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, tàbí àwọn tó lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ẹni tí kò wọ bàálù rí wà lára àwọn tó ń san owó àdánù rẹ̀. Owó ìjọba kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Owó epo rọ̀bì tó jẹ́ ti gbogbo wa ni, owó orí ni, owó ibodè tí wọ́n gbà lórí ìrẹsì àti pánla ni. Bí wọ́n bá kó o síbì kan, ibòmíràn ló máa gbófo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ní ọdún 1946, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba lé wa lórí, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀ tí a ń pè ní WAAC, fún àwa àti Gold Coast tó di Gánà, pẹ̀lú Sierra Leone àti Gambia. Ní 1958 Nàìjíríà dá tirẹ̀ yà sọ́tọ̀. Ní 1961 Ìjọba Àpapọ̀ ra gbogbo ìpín tó wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ó di tiwa pátápátá. Ní 1971 ni orúkọ rẹ̀ di Nigeria Airways. Àwọn àgbà inú wa á rántí àmì rẹ̀: erin aláwọ̀ ewé tó ní ìyẹ́, tó ń fò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, ọkọ̀ rẹ̀ ti tó 30. Orí wa wú nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká parọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Àwọn ọ̀gá ìjọba ń wọ ọkọ̀, wọn kì í sanwó. Àwọn tó ń darí rẹ̀ ń kó o jẹ. Gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, ìjọba á tún bu owó sí i. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Obiora Nwazota jẹ́ alága fún wádìí iṣẹ́ wọn láti 1983 dé 1999. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́ ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 2003, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti tó 528 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú nǹkan bí ọkọ̀ 30 yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó ń fò nílé, méjì tó ń lọ sókè òkun sì jẹ́ èyí tí wọ́n háyà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ọdún 2018, tí í ṣe ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n tilẹ̀kùn, ni Ìjọba Àpapọ̀ tó yọ̀ǹda 22.68 bílíọ̀nù náírà láti fi san ìdajì owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ti kú kí owó náà tó dé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé nítorí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ni ìjọba ṣe ń gbé ilé-iṣẹ́ tó ń pàdánù ró, ẹ rán an létí àwọn baba àti ìyá wọ̀nyẹn. Owó ìrànwọ́ náà kò gba iṣẹ́ wọn là. Ńṣe ló sún ọjọ́ ìṣubú síwájú, tí ìṣubú náà fi wá pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí tí òwò bàálù fi le. Ìjókòó inú bàálù dà bí ẹja tútù. Ẹja tí o kò rí tà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí o kò sì ní iná láti yan án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìjókòó tí ẹnì kankan kò rà kí ọkọ̀ tó gbéra, owó rẹ̀ ti sọnù, kò ṣe é tà lọ́la. Ẹ̀yà ara ọkọ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Náírà sì ni èrò ilé ń san. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú òwò yìí gbọ́dọ̀ máa ka owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba kì í ka owó lójoojúmọ́, nítorí kì í ṣe àpò ara rẹ̀ ni àdánù ti ń jáde.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú nìkan. Air Afrique tí orílẹ̀-èdè 11 pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961, tí Bẹ̀nẹ̀ aládùúgbò wa wà nínú rẹ̀, kógbá sílé ní 2002. Kò pẹ́ lẹ́yìn tiwa ni Ghana Airways náà lọ. Ní Ítálì, ìjọba yá Alitalia ní 900 mílíọ̀nù yúrò ní 2017, síbẹ̀ ó ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá 2021.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ethiopian Airlines ńkọ́? Ṣebí ìjọba ló ni ín, ó sì ń jèrè?" Òótọ́ ni. Ọdún 1946 tí wọ́n dá WAAC sílẹ̀ náà ni Ethiopian kọ́kọ́ fò. Ìjọba wọn ló ni ín, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa ṣe òwò bí òwò. Ó ń kọ́ awakọ̀ tirẹ̀, ó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe, débi pé ó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún tiwọn ṣe gbowó. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tó ni ọjà kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni kí ènìyàn máa pàdánù, kó sì mọ̀ pé owó mìíràn ń bọ̀.

Wọ́n tún ní, "Bí a kò bá ní tiwa, àwọn àjèjì á máa rẹ́ wa jẹ." Èyí náà ní òótọ́ nínú. Ní 2022, Emirates dá ìrìn-àjò dúró síbí nítorí owó rẹ̀ tó há sí wa lọ́wọ́, 2024 ló tó padà. Ṣùgbọ́n ta ló mú kí owó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù wálẹ̀? Air Peace ni, ilé-iṣẹ́ aládàáni, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta 2024. Ti ìjọba tí wọ́n pè ní Nigeria Air, wọ́n fi àmì rẹ̀ han aráyé ní 2018. Ní oṣù karùn-ún 2023 wọ́n gbé ọkọ̀ Ethiopian kan tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun wá sí Àbújá, ó sì padà lọ. Kò gbé èrò kankan tó sanwó.

Ẹ má jẹ́ ká máa wo ilé onílé nìkan. Àwa náà ti ṣe é rí. Ẹ rántí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa, èyí tí a rà láti máa kó ẹja àti gàrí láti Wọ́tásáìdì wá sí ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó. A lu ìlù lọ́jọ́ tó dé. Lẹ́yìn náà, táyà lónìí, ẹ́ńjìnnì lọ́la. Ní gbogbo ìpàdé la ń dá owó mẹkáníìkì. Àwa ìgbìmọ̀ náà sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí òde àríyá láìsan kọ́bọ̀, a jẹ́wọ́. Ó di ọjọ́ tí akápò ka ìwé sétí gbogbo ènìyàn, tí ìyá kan dìde pé, "Èmi tí mò ń ta ìwé àti bírò l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, n kò gbé ẹrù kankan sínú ọkọ̀ yìí rí. Owó ẹ̀yáwó tí mo bèèrè, ẹ ní kò sí. Ṣé inú táyà ló wà?" Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

A ta ọkọ̀ náà. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò kú. Ní àkókò òjò tí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ ń fi iye kan kún owó ọkọ̀ àwọn ará Wọ́tásáìdì, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ tó bá wù wọ́n. Ó wà nínú ìwé, gbogbo wa mọ iye rẹ̀, ọdọọdún la sì ń dìbò bóyá kó máa lọ. Irú èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe láti 1978 fún àwọn ìlú kéékèèké tó jìnnà: ìrìn-àjò ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ní Yúróòpù, òfin wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọdún 10 ni ilé-iṣẹ́ tó ń kú lọ lè gba owó ìgbàlà.

Ẹ̀yin ará Wọ́tásáìdì, ẹ ti mọ èyí kó tó di òní. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ìwé tó wà ní Iwopin. Ìjọba Àpapọ̀ náwó sí i, wọ́n gbin igi gmelina sínú igbó Ọmọ pé wọ́n á fi ṣe ìwé. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ká ní wọ́n fi ìdajì owó bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀nà àti èbúté fún wa, ẹja wa kì bá tí máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti súnmọ́ ilé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú sí ààrin Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀, Ibom Air, tó ń fò láti 2019. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá wa lọ́jọ́ ìbò pé owó wa ni kí wọ́n fi gbé ọkọ̀ òfurufú kan ró, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tí à ń bi ẹni tó wá yáwó lẹ́gbẹ́:

1. Èló ni, ọjọ́ wo ni yóò sì dópin?
2. Ta ni onídùúró rẹ̀?
3. Ta ni yóò máa wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?
4. Ìgbà wo ni a óò rí ìwé owó rẹ̀?
5. Kí ni a kò ní lè ṣe mọ́ bí a bá fi owó náà ṣe èyí?

Bí ó bá dáhùn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ má fún un ní ìbò yín. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin tó ń fò yẹn, gbogbo wa la rí i, àdánù sì ni. Ẹnì kankan kò tètè sọ ọ́ ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣòwò àṣedànù. Ẹ̀yáwó wa kò ní di gbèsè sí wa lọ́rùn. Ọdún á yabo fún wa o.