Owó Ẹyọ àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́jà

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: kí ló ń sọ nǹkan di owó? Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ẹni tó ta iṣu gba owó nítorí ó dá a lójú pé aláṣọ yóò gbà á lọ́wọ́ òun lọ́la. Owó ẹyọ ni ẹlẹ́rìí mi.

Ẹyọ kì í ṣe ohun odò wa. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló kọ́kọ́ ń gbà wá sí apá ìhín, kí àwọn Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun gbé e wọ Bìní ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500. Kì í jẹrà, kò ṣe é rọ ayédèrú rẹ̀, ènìyàn sì lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ata ìsebẹ̀.

Òǹkawó á jókòó ti òkìtì ẹyọ, á máa fọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún-márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, á gbá ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀ di igba. Bí wọ́n bá sín in, ogójì ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan.

Owó yìí kan náà ni wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn ní Wídà àti ní Èkó. Ẹyọ wọlé, ọmọ ọlọ́mọ jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìtàn owó wa kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn láti Zanzibar. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n fi ń ra epo pupa létíkun wa. Owó ń pọ̀, ọjà kò pọ̀ tó o, ọ̀wọ́n gógó dé. Ìyálọ́jà tó rọra kó ọ̀kẹ́ rẹ̀ jọ kò ya ọ̀lẹ, kò jalè, síbẹ̀ ohun tí owó rẹ̀ lè rà ń dín kù lójoojúmọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó ẹyọ wọlé ní 1904. Sílè àti kọ́bọ̀ gba ọjà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí wọ́n kó owó àtijọ́ nílẹ̀ tí tuntun kò sì kárí, owó aráàlú wà ní báńkì, wọn kò rí i gbà ná, tòmátì sì ń jẹrà lórí àtẹ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé aráàlú ló wà níkàáwọ́ ẹni tó ń tẹ owó. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ju ohun tí iṣẹ́ wa ń mú jáde lọ, ó ń mú nínú ohun tí ìyálọ́jà fi pamọ́, láìwọlé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìjọba àti nílé aṣòfin lọ́la, mo bẹ̀ yín, ẹ máa bèèrè lọ́dọọdún: owó tó lé sí i yìí, iṣẹ́ wo ló tì í lẹ́yìn?