Ètò Kíbọ́ọ̀dù Tí Kì Í Dúró Di Ọjọ́ Kejì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni, èyíinì ni àtẹ tí a fi ń tẹ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ wa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wa ni.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń tẹ ìwé ìpè sí ìjòyè kan, ó sì fẹ́ kí i ní ọ̀ṣọ́ ìlú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ó yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, iṣẹ́ sì ń lọ dáradára. Ní ọjọ́ kejì ó bá kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó tún ti Yorùbá yàn. Ní ọjọ́ kẹta ó rẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ ìyókù láìfi àmì kankan sí i. “Oso ilu” ni ó jáde. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀ṣọ́ ni a pe baba náà, tàbí oṣó? Ọpẹ́lọpẹ́ pé a yẹ ìwé náà wò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

A kò bá ọmọ náà wí, nítorí a wádìí ọ̀ràn náà, a sì rí i pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ tí ó lò ni irú èyí tí a ń pè ní thin client. Ó ní ojú, ó ní kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò ní àká ńlá ti ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà kan tí ó wà ní yàrá mìíràn ni ó ń ṣe iṣẹ́. Òun kàn ń jíṣẹ́ lọ, ó ń jíṣẹ́ bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá yí padà wà nínú ìrántí onígbà díẹ̀ nìkan. Bí a bá pa ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ parẹ́, gẹ́gẹ́ bí wàláà tí a nù. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ìwà àìtọ́ ẹnìkan má baà ba ẹ̀rọ jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀nà mìíràn sì tún wà tí ètò fi ń sọnù. Lórí Windows, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré bá kan ìlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà àgbà, ó lè sọ irú kíbọ́ọ̀dù tí òun mú wá. Bí ó bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, kọ̀ǹpútà àgbà lè gba ti ìránṣẹ́ yìí, kí ó sì pa ti ẹni tí ó jókòó tì.

Kì í ṣe pé a kò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ó wà nínú Linux lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Ó wà nínú Windows pẹ̀lú. Ìpamọ́ ni a kò ní. Ní ọdún 1875 ni àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S. péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ohun tí a jogún bẹ́ẹ̀ máa ṣòfò ní alaalẹ́?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí alábòójútó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú ètò ìpìlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ ń kà nígbà tí a bá tàn wọ́n. Kí a pa àṣàyàn olúkúlùkù mọ́ sínú àpò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àgbà, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ kékeré. Kí a sì sọ fún kọ̀ǹpútà àgbà pé kí ó má ṣe tẹ̀lé ìránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a pa á, kí a tún un tàn, kí a jókòó sí ẹ̀rọ mìíràn, kí a sì tẹ “ẹ̀kọ́”. Bí àmì bá pé, iṣẹ́ ti parí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ àmì, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi kọ̀ǹpútà àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ lè dé ibẹ̀. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí owó ẹ̀rọ tuntun, ẹ bi olùtajà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé a ó bá Yorùbá wa níbẹ̀?”