Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Nígbà tí A Bá Tẹ Bíréèkì
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka



Iṣẹ́ tí ẹ̀ka rán mi lónìí kò ju ọ̀kan lọ: kí n sọ ohun tí ó ń mú kí ọkọ̀ gbọ̀n nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ̀mí èrò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó wa náà sì wà níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wa a ní páàdì ló ti jẹ tán. A ó ra tuntun, ọkọ̀ yóò dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Orí ní ń fọ́ni, a wá ń fi oògùn pa ẹsẹ̀! Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni? Bí ó bá ń gbọ̀n lórí eré láìtẹ bíréèkì, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bóyá ó wú, tàbí ríìmù ti tẹ̀ nínú kòtò.

Èkejì: níbo ni ẹ ti mọ̀ ọ́n? Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, iwájú ni kí ẹ lọ wò. Bí sítíárìn bá dákẹ́, tí ìjókòó ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta: ṣé bíréèkì ń ta ẹsẹ̀ yín padà? Bí ọkọ̀ bá ní ABS, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ gidigidi lójú ọ̀nà tó ń yọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta yín lójú ọ̀nà gbígbẹ, tí ẹ kàn rọra tẹ̀ ẹ́, dísìkì ni kí ẹ fura sí.

A máa ń ní dísìkì ti “tẹ̀”. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò nípọn bákan náà yíká mọ́. Ẹni tó dè é kò ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò, tàbí kò de àwọn nọ́ọ̀tì le bákan náà. Dísìkì náà wọ́ díẹ̀, ó ń fi ibì kan ṣoṣo kan páàdì ní gbogbo ìyípo, ibẹ̀ ń jẹ. Ojú lásán kò lè rí i: 0.05 mílímítà péré ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà géèjì ni kí mẹkáníìkì fi wọ̀n ọ́n. Kí ó wo kálípà tó há pẹ̀lú. Ríìmù rẹ̀ máa ń gbóná ju ti ìyókù lọ.

Bí dísìkì bá ṣì nípọn tó, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín sí ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ó bá ti dín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ ha họ́ọ̀bù mọ́, ẹ de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gíà kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Púpọ̀ nínú wa ni kò ni ọkọ̀ tí a ń wà. Olówó ọkọ̀ a ní, “Ẹ ṣì máa fi ṣiṣẹ́ ná.” Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ ohun tó rí sínú ìwé, ẹ mú un fún olówó ọkọ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbé ìwé náà wá sí ẹ̀ka kí gbogbo wa bá a sọ ọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan yóò padà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó bá lọ kò ní ààrọ̀.