Ẹ Fọ Nẹ́ẹ̀tì Fèrèsé Yín Ná

Mo ti ṣèlérí pé lónìí a ó sọ̀rọ̀ lórí fọ́ìlì, jígí àti ọ̀dà funfun, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ewéko inú ilé rí ìmọ́lẹ̀ sí i. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀.

Màmá kan pè wá pé irọ́ ni mo pa nípa fọ́ìlì. Wọ́n ní àwọn fi fọ́ìlì tó ṣẹ́kù níbi mọ́ínmọ́ín yí tòmátì ká, síbẹ̀ ó kàn ń ga gbọọrọ ni, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Mo ní, "Màmá, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ọbẹ̀ ń jóná.

Fọ́ìlì kì í ṣe gílóòbù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á nìkan ló ń dá padà. Bí eruku ọyẹ́ èṣí bá ti dá ìmọ́lẹ̀ dúró lójú nẹ́ẹ̀tì, kí ni fọ́ìlì fẹ́ dá padà? Òkùnkùn?

Ti bàbá kan tilẹ̀ le jù. Gíláàsì fèrèsé gan-an ni wọ́n lẹ fọ́ìlì mọ́ nítorí oòrùn ọ̀sán. Ó dín ooru kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n efinrin wọn wà nínú yàrá yẹn! Wọ́n wá ń bi mí ìdí tí ewé rẹ̀ fi ń pọ́n.

Ẹ̀yìn ewéko ni kí ẹ gbé fọ́ìlì sí, kí ojú rẹ̀ kọ fèrèsé, kó sún mọ́ ewé dáadáa. Ẹ má jà lórí ojú tó ń dán àti èyí tí kò dán, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Jígí? Ojú kan ló ń da ìmọ́lẹ̀ sí. Tèmi ń tàn sójú alájọgbé mi títí ó fi wá kan ilẹ̀kùn. Páálí tí mo kùn ní ọ̀dà funfun ni mo ń lò báyìí fún ata inú ike, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ ká gbogbo ara rẹ̀. Ẹ tún fi aṣọ tútù nu ewé. Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́!

Ó kù díẹ̀ kí n ṣàlàyé bí… wọ́n ní àkókò ti tó. Ẹnìkan wà lórí fóònù. Ẹ ǹ lẹ́ o. Ata yín kò so? Ẹ dúró ná, nẹ́ẹ̀tì yín…